Ibi Tí Gíríìn Káàdì Mi Ń Sùn Báyìí

Ìyàwó àbúrò mi dé Houston lóṣù tó kọjá. Ọjọ́ tí lẹ́tà gbé gíríìn káàdì rẹ̀ dé, ìyẹn káàdì tó fún àlejò lẹ́tọ̀ọ́ láti máa gbé Amẹ́ríkà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e wá bá mi bí ẹni gbé ẹyin. Ó ní, "Àǹtí, ṣé kí n tì í mọ́nú àpótí ni, àbí kí n máa mú un jáde?" Kí n tó lanu, màmá kan tó wá kí wa ti dá a lóhùn: "Tọ́jú ẹ̀ o! Páálí tí èèyàn fi omijé wá, ṣé wọ́n ń gbé e káàkiri ìgboro ni?"

Mo ní kí màmá má bínú. Ìmọ̀ràn yẹn gan-an ni wọ́n fún mi nígbà tí mo dé, mo sì tẹ̀ lé e títí di 2019.

Ọdún náà, a lọ ṣe ìsọmọlórúkọ ní McAllen, nísàlẹ̀ Texas níbi tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan Mẹ́síkò. Nígbà tí à ń bọ̀ lójú ọ̀nà 281, kí a tó dé Falfurrias, àwọn ẹ̀ṣọ́ ibodè ní ibi tí wọ́n ti ń dá gbogbo mọ́tò dúró. A ti rin ọ̀pọ̀ máìlì kúrò ní ẹnu ibodè, èmi ò tiẹ̀ rántí pé ibodè wà mọ́. Ọ̀kan nínú wọn bi mí bóyá ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni mí. Mo ní rárá, gíríìn káàdì ni mo ní. Ó ní kí n mú un wá. Ó wà ní Houston, nínú àpótí, lábẹ́ ìró aṣọ òkè mi. Mo na láísẹ́ǹsì mọ́tò sí i, ó ní kì í ṣe ohun tí òun bi mí nìyẹn. Wọ́n ní ká gba ẹ̀gbẹ́ kan. Èmi tí mo wé gèlè bí ìyá ìyàwó, mo jókòó lórí àga onírin, wọ́n ń tẹ ìka mi. Wọn ò bú mi, wọn ò fọwọ́ kàn mí, ṣùgbọ́n ó lé ní wákàtí kan kí wọ́n tó rí mi nínú kọ̀ǹpútà. Mọ́ínmọ́ín tí wọ́n dì fún wa ti kan.

Ẹ̀bi mi ni. Òfin ìmígíréṣọ̀n Amẹ́ríkà ti 1952 sọ ọ́ kedere: àlejò tó bá ti pé ọdún 18, tí ìjọba sì ti fún ní káàdì, gbọ́dọ̀ ní i lára nígbà gbogbo. Wọn ò ní kó wà nílé, wọn ò sì ní kó jẹ́ fọ́tò nínú fóònù. 100 dọ́là ni ìtanràn tó wà nínú ìwé òfin ọ̀hún, pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọjọ́ 30. Òfin mìíràn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ti fa owó náà gùn dé 5,000 dọ́là. Fún ọdún gbọọrọ, òfin náà kàn ń sùn ni, àwa náà ń sùn tì í. Ní oṣù kẹrin 2025, ìjọba kéde pé àwọn ti jí i.

Nítorí náà, ohun tí mo ní kí ìyàwó wa ṣe rèé. Kó tó gbé káàdì náà jáde rárá, kó ṣe fótókọ́pì iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, kó fi ọ̀kan sílé, kó fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ọkọ rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́sàn-án tó wà lábẹ́ USCIS# lójú káàdì (USCIS ni iléeṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n Amẹ́ríkà), kó há a sórí bí nọ́ńbà fóònù. Bí mo bá ti mọ tèmi sórí lọ́jọ́ yẹn, mọ́ínmọ́ín ì bá má kan.

Lẹ́yìn ìyẹn, kó dá ibì kan ṣoṣo fún un. Má fi í sẹ́yìn fóònù, torí fóònù lolè kọ́kọ́ ń jí. Má fi í sápò aṣọ iṣẹ́: arúgbó ni mò ń tọ́jú, mo máa ń bọ́ aṣọ náà sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ láìwò ó, díẹ̀ ló kù kí n fọ tèmi. Pọ́ọ̀sì kékeré onísíípù nínú báàgì ni tèmi ń sùn sí báyìí, nínú àpò bébà tí wọ́n fi rán an wá. Mo máa ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò kí n tó ti ìlẹ̀kùn.

Bó bá sọnù ńkọ́? Ìnáwó ni, kì í ṣe òpin ayé. Fọ́ọ̀mù I-90 ni wọ́n fi ń gba òmíràn, 415 dọ́là lórí íntánẹ́ẹ̀tì, 465 tó bá jẹ́ bébà lo fi ránṣẹ́.

Ohun kan wà tó burú ju kéèyàn gbàgbé káàdì lọ: kí ẹ̀rù bà ọ́, kí o ní ọmọ ìlú ni ọ́. Má dán an wò, ì báà jẹ́ lẹ́nu, ì báà jẹ́ lórí fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń forúkọ olùdìbò sílẹ̀. Irọ́ yẹn lè lé ọ padà sílé. O lè dákẹ́, o lè ní lọ́yà lo fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Ọmọ ilé-ìwé tó wá pẹ̀lú físà F-1 kò ní káàdì. I-94, àkọsílẹ̀ ìgbà tó wọ Amẹ́ríkà, ni ìwé tirẹ̀, kó tẹ̀ ẹ́ jáde lójú òpó ìjọba, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn tó ti búra di ọmọ ìlú, òfin yìí ò kàn yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé ká ìwé ẹ̀rí ọmọ ìlú ńlá yẹn sí báàgì. Pásípọ́ọ̀tù oníkáàdì wà, 30 dọ́là fún àgbàlagbà tó ti ní pásípọ́ọ̀tù oníwèé.

Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, màmá ti dákẹ́. Ó ní, "Inú àpótí wo ni mo tiẹ̀ gbé tèmi sí?" Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la bá a wá a délé rẹ̀. Inú Bíbélì ló wà, ọjọ́ rẹ̀ ti pé láti ọdún tó kọjá. Mo fi í lọ́kàn balẹ̀ pé káàdì ló kú, ẹ̀tọ́ ìgbélùú rẹ̀ ò kú, àti pé ìwé tí wọ́n máa fi dá I-90 rẹ̀ lóhùn máa fi oṣù 36 kún ọjọ́ orí káàdì náà, kó máa mú méjèèjì pọ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun la bá a kọ I-90.