Bí A Ṣe Ń Ṣètò Ìrìn Àjò Ọkọ̀ Ọ̀pẹẹrẹ Ọlọ́jọ́ Mẹ́rin Láti Adágún Dé Adágún

Ẹ wá máàpù oníwé tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1:50,000. Sẹ̀ǹtímítà 2 lórí rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 1. Fóònù dára, àmọ́ bátìrì rẹ̀ kì í sábà bá èèyàn dé ọjọ́ kẹrin. Láti wọn ọ̀nà, ẹ na òwú tẹ̀lé etí adágún lórí máàpù náà, ẹ má ṣe là á kọjá láàárín, torí etí omi lẹ máa tọ̀: bí ọkọ̀ bá dojú dé, ilẹ̀ kò ní jìnnà.

Ilẹ̀ tó wà láàárín adágún kan sí èkejì ló ń da ètò rú. Èèyàn á rí kìlómítà 1 lórí máàpù, á kọ ogún ìṣẹ́jú sílẹ̀. Ẹrù kì í lọ tán lẹ́ẹ̀kan. Ẹ óò ru ọkọ̀ lọ, ẹ óò padà lọ́wọ́ òfìfo, ẹ óò tún ru báàgì lọ: kìlómítà 3 nìyẹn, lórí gbòǹgbò, ẹrẹ̀ àti àpáta tó ń yọ̀. Ẹ fi ìtúẹrù àti ìdìpadà kún un, kí ẹ kọ wákàtí kan àti ààbọ̀. Irú rẹ̀ mẹ́ta lóòjọ́, ó parí. Lórí omi, kìlómítà 4 ni kí ẹ fi ṣírò wákàtí kan, kí àpapọ̀ ti ọjọ́ kan má sì kọjá kìlómítà 15. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, 10 ti tó. Apá kò tíì mọ́ àjẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kó ru ọkọ̀, kó dojú rẹ̀ bolẹ̀. Bí èèyàn méjì bá rù ú, ẹsẹ̀ wọn kì í bára mu, ọkọ̀ á sì máa gbá wọn léjìká. Bí ọkọ̀ kò bá ní igi ìdábùú tó ṣeé gbé léjìká, ẹ fi okùn de àjẹ̀ méjì mọ́ àwọn igi àárín ọkọ̀, kí ẹ ká aṣọ òjò lé e lórí. Aṣọ alápá gígùn ni kí ẹ wọ̀: ẹ̀fọn á kó sábẹ́ ọkọ̀ náà, ọwọ́ méjèèjì kò sì ní sílẹ̀ láti lù wọ́n.

Èèyàn méjì, báàgì ńlá méjì. Ohunkóhun tó bá ń rọ̀ lọ́wọ́, inú igbó ló máa kù sí. Báàgì tí omi kì í wọ̀ máa ń gbówó lórí. Ọ̀rá ìdalẹ̀nù méjì tó nípọn, tí ẹ lọ́ lẹ́nu, tí ẹ ṣẹ́ po, tí ẹ sì fi rọ́bà dè, ń ṣiṣẹ́ kan náà.

Oúnjẹ gbígbẹ bíi gíráàmù 700 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóòjọ́, kí ẹ fi ti ọjọ́ kan lé e. Afẹ́fẹ́ ló ń jẹ ọjọ́ náà. Ẹ ṣí ní ìdájí. Bí orí ìgbì bá ti ń funfun, ẹ gúnlẹ̀. Ẹ̀wù amúniléfòó, ara ni kó wà, kì í ṣe abẹ́ ìdí.

Ẹ fi ẹ̀dà máàpù, pẹ̀lú ibi tí ẹ máa sùn lóru kọ̀ọ̀kan, sílẹ̀ fún ẹnì kan nílé, kí ẹ sì sọ àkókò tí onítọ̀hún gbọ́dọ̀ pe àwọn adóòlà ẹ̀mí bí kò bá gbúròó yín.