Ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀: bí ẹ ṣe máa mọ ibi tó ti ń wá

Kì í ṣe gbogbo ìtọ̀ pupa ló ní ẹ̀jẹ̀. Rifampicin, oògùn ikọ́ ife, máa ń sọ ìtọ̀ di àwọ̀ ọsàn. Obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù lọ́wọ́, kó jẹ́ kó parí kó tó lọ ṣe àyẹ̀wò.

Ẹ wo ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ náà ń yọ. Tó bá jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìtọ̀ nìkan, ojú ọ̀nà ìtọ̀ ló sábà ń ti wá. Tó bá jẹ́ ìkán ìkẹyìn, ẹ fura sí ọrùn àpò ìtọ̀. Èyí tó pọ́n látòkè délẹ̀ lè wá láti àpò ìtọ̀ tàbí kíndìnrín. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún dókítà.

Lókè Ọya níbí, tó bá jẹ́ ọmọ tó ń lúwẹ̀ẹ́ lódò, apẹja tàbí àgbẹ̀ fàdámà (ilẹ̀ àkùrọ̀ etí odò), àtọ̀sí ajá la kọ́kọ́ ń rò. Tsargiya ni àwọn Hausa ń pè é. Orúkọ yẹn ń tan èèyàn: ajá ò mọwọ́ mẹsẹ̀ níbẹ̀, kì í sì í ṣe àtọ̀sí tí wọ́n ń kó níbi ìbálòpọ̀. Ìgbín wẹ́wẹ́ inú omi ló ń tú ìdin rẹ̀ síta, ìdin á gba awọ ara wọlé láìsí egbò, á di aràn nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó yí àpò ìtọ̀ ká. Ẹyin aràn náà ní ẹ̀gún lẹ́nu. Ẹ̀gún yẹn ló ń ya àpò ìtọ̀.

Àárín aago 10 òwúrọ̀ sí aago 2 ọ̀sán ni ẹyin máa ń pọ̀ jù nínú ìtọ̀. Ẹ sáré díẹ̀ tàbí kí ẹ gun àtẹ̀gùn kí ẹ tó tọ̀, kí ìkán ìkẹyìn sì wọ inú ike. Ibí lọ̀pọ̀ ti ń ṣì í, torí pé ìtọ̀ àárín ni láàbù ń gbà fún kòkòrò àìfojúrí. Ẹ má gbé e sóòrùn, ẹyin á pa, wọn ò sì ní rí nǹkan kan. Kó dé láàbù láàárín wákàtí kan sí méjì.

Praziquantel ni oògùn rẹ̀: mílígíráàmù 40 fún kílò kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni kílò 60 á lo hóró mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílígíráàmù 600. Ẹni kílò 45, mẹ́ta. Ẹ jẹun kí ẹ tó lò ó, ẹ má jẹ ẹ́ lẹ́nu nítorí ó korò gan-an, ẹ má sì gun ọ̀kadà lọ́jọ́ náà, ó ń kọ́ni lójú. Kò lè pa aràn tó ṣì kéré, nítorí náà ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ odò ní láti padà ṣe àyẹ̀wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Aboyún àti ẹni tó ní wárápá, kí wọ́n sọ fún dókítà ṣáájú.

Ẹ̀jẹ̀ tó dá fúnra rẹ̀ ló ń gbé orúkọ fún àgbo. Ẹni tó ti lé ní 40 ọdún tó tọ ẹ̀jẹ̀ láìsí ìrora, bó ṣe ẹ̀ẹ̀kan péré, kó ṣe skáànù, kí wọ́n sì fi kámẹ́rà wo àpò ìtọ̀ rẹ̀, nítorí jẹjẹrẹ. Ó tún kan amusìgá àti ẹni tó gbé àtọ̀sí ajá fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Bí ẹ̀jẹ̀ dídì bá dí ọ̀nà tí ìtọ̀ ò jáde mọ́, ẹ má mumi láti fi tì í. Ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀: rọ́bà ni wọ́n máa kì bọ̀ ọ́, wọ́n á sì fọ ẹ̀jẹ̀ náà jáde.