Bí A Ṣe Ń Ra Irin fún Iṣẹ́ Ọwọ́ Inú Ilé ní Èkìtì Láìfi Owó Ṣòfò

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe tábìlì iṣẹ́ onírin sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, bébà àti pẹ́ńsù ni kó kọ́kọ́ mú, kó tó mú ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù onírin pọ̀n. Ẹni tó dé iwájú ontàjà láìmọ iye irin tó nílò yóò ra àràjù, tàbí kó ra àràìtó, kó sì tún san owó ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti Ìkọ̀lé tàbí Ìjerò lọ sí Adó-Èkìtì.

Ẹ jẹ́ ká fi tábìlì tó gùn ní mítà 1.5, tó fẹ̀ ní mítà 0.6, tó sì ga ní mítà 0.85 ṣe àpẹẹrẹ. Irin áńgù, ìyẹn irin alápá méjì tó rí bíi lẹ́tà L, tí apá rẹ̀ kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mìlímítà 40, tí ó sì nípọn ní mìlímítà 4, tó fún un dáadáa. Òkè tábìlì yóò gba ègé méjì tó gùn ní mítà 1.5 àti ègé méjì tó gùn ní mítà 0.6, ẹsẹ̀ yóò gba ègé mẹ́rin tó gùn ní mítà 0.85, ìdè ìsàlẹ̀ yóò gba ègé méjì tó gùn ní mítà 0.6 àti ẹyọ kan tó gùn ní mítà 1.5. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 10.3, èyí tí ọ̀pá méjì yóò gbé. Ṣùgbọ́n ẹ fi téèpù wọn ọ̀pá náà kí ẹ tó sanwó, nítorí pé a máa ń rí èyí tó gùn ní mítà 6, a sì máa ń rí èyí tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 18, tí kò pé mítà 5.5. Bí ó bá jẹ́ ọ̀pá kúkúrú yìí ni, ẹ pín in kí ọ̀kan gba mítà 5.1, kí èkejì sì gba mítà 5.2. Ẹ rántí pé dísìkì gíríńdà ń jẹ nǹkan bíi mìlímítà 3 ní ojú ibi kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá gé.

Ìnípọn irin ni ó máa ń tan ènìyàn jù. Mo ti ra áńgù kan rí tí ontàjà pè ní mìlímítà 4. Ìgbà tí tábìlì náà ń gbọ̀n nígbàkigbà tí mo bá fi òòlù lu nǹkan lórí rẹ̀ ni mo tó wọ̀n ọ́n, mo sì rí i pé mìlímítà 3 ni. Láti ọjọ́ náà, n kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́ mọ́ lórí irin. Bí ẹ kò bá ní káálípà tí a fi ń wọn ìnípọn, ẹ gbé ọ̀pá náà sórí òṣùwọ̀n: áńgù mìlímítà 40 tó gùn ní mítà 6 yóò tó kílò 14.5 bí ìnípọn rẹ̀ bá pé mìlímítà 4, ṣùgbọ́n kílò 11 péré ni bí ó bá jẹ́ 3. Fún rọ́ọ̀dù, ẹ fi mìlímítà ìnípọn rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ sì fi 162 pín in; ohun tí ẹ bá rí ni kílò mítà kan. Rọ́ọ̀dù 12, bí àpẹẹrẹ, jẹ́ nǹkan bíi kílò 0.89 ní mítà kan.

Bí ègé kúkúrú bá tó fún iṣẹ́ yín, ọ̀dọ̀ àwọn wẹ́dà tó ń ṣe géètì ni kí ẹ kọ́kọ́ yà. Ẹ kí wọn dáadáa, “Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé àgékù áńgù wà nílẹ̀?” Irin tí ó dára tí wọn kò rí iṣẹ́ fún lè jáde fún yín ní owó tí ó kéré.

Àwọn tó ń ra àlòkù irin ń tà á ní kílò-kílò, owó rẹ̀ sì máa ń rọjú, ṣùgbọ́n ó gba ọgbọ́n. Ẹ fi gíríńdà kan irin náà díẹ̀: irin rírọ̀ máa ń ta iná gígùn tí kì í fọ́n ká púpọ̀, irin líle, bí ewé sípíríǹgì ọkọ̀, máa ń ta iná tó fọ́n ká bí ìràwọ̀, irin dídà, ìyẹn irin tí wọ́n yọ́ dà sínú àwòṣe, máa ń ta iná kúkúrú tó pọ́n, kì í sì rọrùn láti jó pọ̀. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa mọ iyì ewé sípíríǹgì fún àdá àti ọ̀bẹ, ní ilẹ̀ tí Ìrè-Èkìtì ti jẹ́ ìlú Ògún, ṣùgbọ́n kì í ṣe irin ẹsẹ̀ tábìlì.

Ẹ má ṣe gé ṣọ́kù ọkọ̀ tàbí dúrọ́ọ̀mù tí epo ti wà nínú rẹ̀, nítorí pé ó lè bú gbàmù. Páìpù tí wọ́n fi síǹkì bò máa ń rú èéfín tó ń fa ibà bí a bá jó o. Ẹ ha síǹkì náà kúrò, kí ẹ sì ṣiṣẹ́ níbi tí afẹ́fẹ́ wà. Bí ẹ bá rí irin ojú títì, irin rélùwéè tàbí òpó iná láàárín àlòkù, ẹ má fọwọ́ kàn án, nítorí pé ó lè jẹ́ ohun tí wọ́n jí. Ẹ gba rìsíìtì fún gbogbo ohun tí ẹ bá rà.

Ní ti áńgù tábìlì wa, tí ọ̀pá yín bá jẹ́ mítà 6, ẹ gé àwọn ègé tí àpapọ̀ wọn jẹ́ mítà 5.7 lára ọ̀kan àti mítà 4.6 lára èkejì, kí ó lè ṣẹ́ku ègé kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó mítà 1.4 fún iṣẹ́ mìíràn. Ẹ ní kí ontàjà gé e ní ṣọ́ọ̀bù kí ó lè wọ ọkọ̀, kí ẹ sì fi ẹfun kọ ìwọ̀n sára ègé kọ̀ọ̀kan.