Ẹ fẹ́ gbé Fortran àtijọ́ sórí kọ̀ǹpútà? Àlàfo ni kí ẹ ṣọ́

Ojú ìwé mẹ́rìnlá ni bàbá mi tọ́jú sínú fáìlì kan láti ìgbà tí wọ́n ti jẹ́ akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ètò kọ̀ǹpútà ni, èdè Fortran 77 ni wọ́n fi kọ ọ́, àwọn fúnra wọn ló kọ ọ́, òun ni wọ́n fi ń ṣírò èlé orí owó tí ọmọ ẹgbẹ́ bá yá. Lọ́jọ́ tí mo rí i nílé wa ní Adátán l'Abẹ́òkúta, wọ́n ní kí n fi dáná, pé kò sí ẹ̀rọ tó ń gbọ́ èdè yẹn mọ́. Mo ní kí wọ́n fún mi ní alẹ́ kan. Alẹ́ mẹ́ta ló gbà mí, kọ̀mpáílà, ìyẹn ètò tó ń sọ ohun tí a kọ di ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣe, kò sì jẹ ju ìdajì wákàtí lọ nínú rẹ̀.

Ẹ má ra nǹkan kan. Lóòótọ́, 1957 ni IBM gbé Fortran jáde, John Backus ló ṣíwájú àwọn tó ṣe é, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń fi ṣírò ojú ọjọ́ títí dòní. Ọ̀fẹ́ ni kọ̀mpáílà rẹ̀, gfortran, tó jẹ́ ara GCC, àkójọ àwọn kọ̀mpáílà ọ̀fẹ́.

Tó bá jẹ́ Ubuntu lẹ ń lò bíi tèmi dípò Windows, ẹ ṣí Terminal, ojú tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ, kí ẹ tẹ èyí ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan:

sudo apt update
sudo apt install gfortran
gfortran --version

Ó máa béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà. Bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ẹ lè má rí nǹkan kan lójú rẹ̀. Kíbọọ̀dù yín ò bàjẹ́, ẹ ṣáà máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Windows 10 tuntun tàbí 11, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún mọ́úsù tẹ PowerShell, ẹ mú Run as administrator, ẹ tẹ wsl --install, ẹ pa kọ̀ǹpútà kí ẹ tún un tàn. Ubuntu ti wọlé nìyẹn, ẹ wá ṣe ti òkè yẹn nínú rẹ̀. Ó ń jẹ dátà o, ẹ dúró de dátà òru.

Ibi tí wàhálà wà rèé. Orí káàdì tí wọ́n ń lu ihò sí ni wọ́n ń kọ Fortran sí nígbà náà, àyè 80 ló wà lórí ẹyọ kan. Àyè 1 sí 5 jẹ́ ti nọ́ńbà ìlà, àmì tó bá wà ní àyè 6 ń sọ pé ìlà òkè ló ń bá a bọ̀, iṣẹ́ gan-an wà láti 7 dé 72. Mẹ́jọ tó kù jẹ́ ti nọ́ńbà káàdì, kí wọ́n lè tò ó padà bó bá já dànù. Ẹ rántí bí aládìrẹ ẹlẹ́kọ ní Ìtòkú ṣe ń pín aṣọ sí ojú-ojú kó tó ki ìyẹ́ bọ ẹ̀kọ. Ẹ tẹ nano ele.f (nano ni ètò tí a fi ń kọ fáìlì), kí ẹ kọ:

C     ELE ODUN KAN
      REAL OWO, ELE
      OWO = 50000.0
      ELE = OWO * 5.0 / 100.0
      PRINT *, ELE
      END

Àlàfo mẹ́fà ló ṣáájú ìlà kọ̀ọ̀kan, àyàfi èyí tí C bẹ̀rẹ̀, tó jẹ́ àlàyé lásán. Ctrl+O àti Enter láti fi pamọ́, Ctrl+X láti jáde. .f ni kó parí orúkọ fáìlì. Tẹ́ ẹ bá fi .f90 sí i, C yẹn á di ẹjọ́. Lẹ́yìn náà:

gfortran -Wall ele.f -o ele
./ele

2500.00000 ló máa jáde. Ẹ má fojú di àmì ìdá o: tẹ́ ẹ bá kọ OWO * (5/100), òdo ni, torí odidi nọ́ńbà pín odidi nọ́ńbà ni, Fortran á sì ju ìdá tó kù nù. Ẹ ti yá èèyàn lówó láìgba èlé nìyẹn.

-Wall yẹn, tó ń ní kí kọ̀mpáílà kìlọ̀ fún wa, ni mi ò lò lálẹ́ kejì. Mo ti fi àlàfo kún ìlà kan kó lè rẹwà, ó kọjá àyè 72, kọ̀mpáílà ò sì ka ohun tó kọjá ibẹ̀, 12.0 tó yẹ kó pín èlé ọdún sí oṣù wá di 1. Kọ̀mpáílà ò sọ nǹkan kan. Bàbá wọ awò, wọ́n wo iye tó jáde, wọ́n ní, "Ta lo fẹ́ pa?" Àwọn ló tọ́ka sí ìlà náà, wọ́n ń fi ìka ka àyè rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà.

Mo tún un ṣe. Wọ́n mú ojú ìwé kẹsàn-án, níbi tí wọ́n ti fi pẹ́ńsùlù kọ èsì kan sí ẹ̀gbẹ́ nígbà yẹn, wọ́n ní kí n tẹ iye owó náà sí i. Ó bá a mu dé orí kọ́bọ̀.