Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Jẹ Owó Ẹni Tó Ra Lẹ́ǹsì Macro Gígùn

Ó ti sú mi. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ya kòkòrò á kó owó tó tù jọ fún ọdún kan lé lẹ́ǹsì macro 180mm lórí (macro ni èyí tí wọ́n fi ń ya nǹkan kéékèèké láti itòsí; iye mm yẹn, focal length, ni wọ́n ń pè ní gígùn lẹ́ǹsì). Kó tó di oṣù mẹ́ta, ó ti ń wá ẹni tó máa rà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kò ya àwòrán dáadáa. Lẹ́ǹsì ò jẹ̀bi. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń lo irú rẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí kí ẹ tó sanwó.

1. Ẹ má rò pé bí lẹ́ǹsì bá ṣe gùn tó ni nǹkan á ṣe tóbi tó. Èyí ló ń bí mi nínú jù. Macro 60mm, 100mm àti 180mm tí wọ́n kọ 1:1 sí lára, ibì kan náà ni agbára wọn mọ: eèrà tó gùn ní mìlímítà 10 á gba mìlímítà 10 lójú sensor, ìyẹn ojú tó ń gba àwòrán nínú kámẹ́rà. Ọ̀rẹ́ mi kan ta 100mm rẹ̀, ó fi owó kún un, ó ra 180mm, torí pé ó fẹ́ kí òrùka àti owó ẹyọ tó ń yà túbọ̀ kún ojú àwòrán. Mo ní kó gbé rúlà sílẹ̀, kó sún mọ́ ọn débi tí lẹ́ǹsì gbà á láyè mọ, kó yà á. Mìlímítà 36 ló hàn láti etí kan dé èkejì, bí sensor rẹ̀ ṣe fẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo gbé 100mm tèmi fún un, ó tún un yà: mìlímítà 36. Ó dákẹ́ títí. Ó dùn mí fún un, torí lẹ́ǹsì tó tà ti di ti ẹlòmíì.

Àlàfo ni ẹ ń fi gígùn yẹn rà. Ẹ wo Canon EF 180mm f/3.5L. Sẹ̀ǹtímítà 48 ni wọ́n kọ pé ó lè sún mọ́ nǹkan mọ, ṣùgbọ́n ojú sensor ni wọ́n ti ń wọn èyí. Ẹ yọ gígùn kámẹ́rà àti ti lẹ́ǹsì kúrò, nǹkan bíi 24 ló kù láàárín ẹnu lẹ́ǹsì àti kòkòrò. Ti 100mm ò ju bíi 15 lọ. Fún lámilámi tó ń bẹ̀rù òjìji, ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn. Àmọ́ òdòdó àti olú kì í sá fún ẹnikẹ́ni, wọn ò nílò àlàfo yẹn. Ohun kejì tí ẹ ń rà ni pé ibi tí 180mm ń rí lẹ́yìn kòkòrò kò fẹ̀: ẹ sún díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, koríko gbígbẹ tó ń da àwòrán rú ti kúrò.

2. Ẹ má pa ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ lẹ́ǹsì dé f/32 (bí nọ́ńbà f bá ṣe pọ̀ tó ni ihò ṣe ń fún tó). Ní 1:1, ibi tó mọ́ kedere ní f/11 kò ju mìlímítà kan àti díẹ̀ lọ, 100mm ni o, 180mm ni o. Bí ihò bá fún jù, ìmọ́lẹ̀ á tú ká, gbogbo àwòrán á di bàìbàì. Ẹ dúró sí f/8 tàbí f/11, kí ẹ yí kámẹ́rà títí ojú rẹ̀ á fi dọ́gba pẹ̀lú ìyẹ́ labalábá.

3. Ẹ má fi ìdí kámẹ́rà so ó mọ́ tripod, ìyẹn ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́ǹsì yìí lé ní kílò kan. Òrùka tó yí i ká, tó ní ẹsẹ̀ lábẹ́, òun ni kí ẹ dè. Mo pàdánù odindi òwúrọ̀ kan nítorí èyí: ìrì ṣì wà lára lámilámi, afẹ́fẹ́ ò fẹ́, gbogbo àwòrán sì mì. Mo gbé lẹ́ǹsì lọ fún alátùn-únṣe, kò rí nǹkan kan tó bàjẹ́.

Ẹ yọ hood, ìyẹn ìbòrí tó yọ síwájú ẹnu lẹ́ǹsì láti dí oòrùn, tí oòrùn ò bá kọjú sí yín. Ó ń jẹ àlàfo tí ẹ sanwó fún.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé stabilizer, ìyẹn ohun tó ń dín bí ọwọ́ ṣe ń mì kù. Bí ẹ bá ti sún mọ́ 1:1, agbára rẹ̀ ti dín kù gan-an.

Extension tube (òrùka òfìfo tí wọ́n ń fi sáàárín kámẹ́rà àti lẹ́ǹsì) 25mm lórí 180mm kò fi ju bíi 0.14 kún ìtóbi. Lórí 50mm, 0.5 ni. Lẹ́ǹsì kúkúrú ni kí ẹ rà á fún.

Kí ẹ sì máa wo ibi tí ẹsẹ̀ tripod ń tẹ̀. Ẹnu lẹ́ǹsì lè jìnnà sí kòkòrò, àmọ́ koríko so kọ́ra. Lámilámi tó dára jù tí mo rí lọ́dún tó kọjá, ẹsẹ̀ tripod mi kan koríko tó bà lé, ó sì ti fò lọ kí n tó fi ojú sí kámẹ́rà.