Àṣìṣe tí amusìgá máa ń ṣe bí bàálù rẹ̀ bá gba Casablanca

Láti Èkó dé Casablanca ní orílẹ̀-èdè Mòrókò ń lọ sí wákàtí márùn-ún, kò sì sí ẹni tó máa jẹ́ kí èèyàn ṣáná sí sìgá nínú bàálù. Kí bàálù tó balẹ̀ ni ọ̀nà ọ̀fun amusìgá ti ń yún un. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ n sáré jáde, kí n fa ẹyọ kan." Mohammed V, pápákọ̀ Casablanca, kì í ṣe gáréèjì Ọjọ́ta o! Kí ẹni tó ń kọjá lọ sí Lọ́ndọ̀nù tó lè jáde síta, àwọn ìmígírésọ̀n ni yóò kọ́kọ́ kò, ìwé ìrìnnà Nàìjíríà sì nílò físà Mòrókò. Láìsí i, inú ilé lẹ wà títí bàálù kejì yóò fi gbéra.

Ẹ má sì sọ tọ́lẹ̀ẹ̀tì di ìta. Ọkùnrin kan tí a jọ wá láti Èkó dánra wò. Ó tẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ ọwọ́, ó ń fẹ́ èéfín sí i nídìí, bóyá ó rò pé yóò bá òun gbé e mì. Ẹ̀rọ náà ń fẹ́ gbogbo rẹ̀ padà sí i lójú. Ẹni tó ń nu ilẹ̀ kò sọ nǹkan kan, ó kàn nàka sí àmì ara ògiri, ó jáde. Kò pẹ́ tí ọlọ́pàá méjì fi wọlé.

Ohun tó ń tan èèyàn ni ìgboro. Òfin 15-91 ti Mòrókò, tí wọ́n kéde ní 1995, ka sìgá léèwọ̀ níbi tí gbogbo ayé ń lò, síbẹ̀ èéfín kún àwọn ilé kọfí. Ẹni tó ti rí ìyẹn á rò pé òfin náà ti kú. Ní pápákọ̀, kò kú.

Awo eérú tó wà lára ilẹ̀kùn tọ́lẹ̀ẹ̀tì bàálù náà ń tan èèyàn. Kì í ṣe ìyọ̀ǹda; wọ́n fi síbẹ̀ kí olóríkunkun má baà ju iná sínú garawa ìdọ̀tí ni. Ní 1973, iná ṣẹ́ yọ ní tọ́lẹ̀ẹ̀tì bàálù Varig, iléeṣẹ́ bàálù Brazil, tó ń bọ̀ sí Paris láti Rio, èèyàn 123 sì kú. Fépù, sìgá oníbátìrì, náà ń mú kí agogo iná dún. Inú báàgì ọwọ́ ni kí ẹ gbé e sí, ẹ má fi í sínú ẹrù tó ń lọ sábẹ́ bàálù, nítorí bátìrì rẹ̀ lè gbiná.

Bí ẹnì kan bá rọra sún mọ́ yín níta pé òun ní kif, ìyẹn igbó, ẹ máa lọ. Òfin Mòrókò ti 2021 tó yọ̀ǹda igbó, ti oògùn àti iléeṣẹ́ ni.

Èyí tí mo bẹ̀rù jù ni ti oṣù Ràmàdáánì. Abala 222 nínú òfin ìwà ọ̀daràn Mòrókò ní kí wọ́n fi Mùsùlùmí tó bá ṣínu ní gbangba láìnídìí sẹ́wọ̀n oṣù kan sí mẹ́fà, ìtanràn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Sìgá náà, ìṣínu ni. Lóòótọ́, ẹ̀sìn gba arìnrìn-àjò láyè láti má gbààwẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́kọ́ bi yín? Wàsíù tàbí Ràṣídì ni wọ́n máa rí nínú ìwé yín. Kirisitẹni pàápàá, kó wá kọ̀rọ̀ kan. Bí wọ́n bá pe àdúrà ìrọ̀lẹ́, ẹ óò rí i bí láítà ṣe máa ń tàn káàkiri ìta pápákọ̀.