Ọwọ́ Ọ̀tún ni Ọ̀nà Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ará Ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́

Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní òpin oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí lítà bẹtiróòlù kan kúrò ní nǹkan bí náírà 190, tó sì kọjá 500 kí ọ̀sẹ̀ tó yípo, ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tó ti ń dípẹtà lẹ́yìnkùlé la tún ń rí lójú títì. Ó dára bẹ́ẹ̀. (Kẹ̀kẹ́ ológeere là ń wí o; Márúwá ní ìwé tirẹ̀.) Àmọ́ bàbá kan ń ti oko bọ̀ lọ́nà Ìlọrin nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òun àti ọlọ́kadà forí gbárí. Ọkùnrin náà yè, ṣùgbọ́n ó ti di ẹni tí wọ́n ń bá ro oko. Ohun tó fa ìyẹn ni ìwé yìí dá lé.

A ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń gun kẹ̀kẹ́. Ẹ ti mọ̀ ọ́n láti kékeré. Àṣìṣe kan la fẹ́ bá yín sọ, èyí tí à ń rí ní oríta Tákìé, tí à ń rí ní Sábó, tó sì ti sú wa láti máa wò: ẹ̀ ń kọjú sí ọkọ̀ gun kẹ̀kẹ́.

Èsì kan náà ni wọ́n máa ń fún wa: "Kí n lè máa rí ẹni tó fẹ́ gbá mi ni." Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ni wọ́n sọ ìyẹn fún. Ẹlẹ́sẹ̀ ló ń gba apá òsì kí ó lè rí ọkọ̀ tó ń bọ̀, kí ó sì fò sínú koríko bó bá yẹ. Ta ló lè gbé kẹ̀kẹ́ àti àpò gààrí fò sínú koríko? Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni gbogbo ohun tó ń yí táyà ní Nàìjíríà ti ń gba ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ ò lè sọ pé ẹ ò tíì gbọ́.

Ẹ ṣírò rẹ̀ bí ẹ ṣe ń ṣírò owó ajílẹ̀. Ọ̀kadà ń sá kìlómítà 50 ní wákàtí kan, kẹ̀kẹ́ yín ń sá 15. Bí ẹ bá kọjú síra, eré 65 lẹ fi ń súnmọ́ra. Bí ẹ bá jọ kọjú síbì kan náà, 35 ni. Bí àlàfo àárín yín bá jẹ́ mítà 40, ẹni tó kọjú sí ọ̀kadà ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 2 láti ronú. Ẹni tó ń gba ọwọ́ rẹ̀ lọ ní 4. Ìṣẹ́jú àáyá 2 tó ṣẹ́ kù yẹn ni ọlọ́kadà fi ń tẹ bíréèkì.

Èyí tó burú jù wà ní oríta àdúgbò. Awakọ̀ tó ń jáde bọ́ sí títì, tó fẹ́ yà sí ọ̀tún, apá òsì ló ń wò, torí ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń bọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá ń ti apá ọ̀tún rẹ̀ bọ̀, kò retí yín rárá.

Ẹ tún máa ń sọ pé, "Kò jìnnà, mítà 200 péré ni ẹnu ọ̀nà oko mi." Ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ tì í. Kò gbà ju ìṣẹ́jú 3 lọ. Ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ ti di ẹlẹ́sẹ̀, ó sì lè gba apá òsì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Tákìé: bí ẹ bá fẹ́ yà sí òsì, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ tì í kọjá. Ẹni tó bá ní ojú ń ti òun láti sọ̀ kalẹ̀, kí ó lọ bi ẹni tó ti dé orí bẹ́ẹ̀dì bó ṣe rí.

Lọ́wọ́ ọ̀tún náà, ẹ fi mítà 1 sílẹ̀ sí gọ́tà. Ẹ má lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ọkọ̀ bá wà níbi ìdúró, mítà 1 àti ààbọ̀ ni, nítorí ilẹ̀kùn tó lè ṣí lójijì.

Kí ó tó di aago 6:30 ìrọ̀lẹ́, iná funfun níwájú, pupa lẹ́yìn. Ẹ má so tọ́ọ̀ṣì funfun mọ́ ẹ̀yìn! Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín á rò pé ẹ̀ ń bọ̀ wá pàdé òun ni.

Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tó kún fún omi jẹ́ kìlógíráàmù 25. Bí ẹ bá so ọ̀kan ṣoṣo kọ́ ẹ̀gbẹ́ kan, yóò máa fà yín lọ sí ẹ̀gbẹ́ náà. Ẹ pín in sí kékeré méjì, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọkọ́ àti àdá: ní gígùn kẹ̀kẹ́ ni kí ẹ dè é, kì í ṣe ní ìbú.

Ìyá kan rán ọmọ ọdún 10 lọ sí ẹ̀rọ lórí kẹ̀kẹ́ tí kò ní bíréèkì, ó ní Ọlọ́run á ṣọ́ ọ. Ọlọ́run náà ló fún ìyá ní ọgbọ́n àtira rọ́bà bíréèkì. Bí ìlà ara rọ́bà náà bá ti parẹ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí òjò bá pa rímù, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ sí tẹ bíréèkì, láti ọ̀nà tó jìn ní ìlọ́po 2 ibi tí ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ṣéènì: ẹ̀kán epo kan sí oríkèé kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ 2, kí ẹ sì fi àkísà nù ún gbẹ. Epo tó bá ṣẹ́ kù lára rẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ ló ń kó. Kì í ṣe epo pupa o.